Ọwọ́ Ẹni Tó Bèèrè Ni Dọ́sítà Wà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kò tíì lù tí Bàbá Dàmọ́lá, ọkọ mi, fi ju àpótí mi kejì sínú búùtù ọkọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ní ṣé ọjọ́ mẹ́fà náà ni mò ń lọ lò, àbí mò ń kó lọ pátápátá ni. Inú mi ń dùn ju kí n máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti ń gbé ní Conyers, ní ìlà oòrùn Atlanta, ọ̀nà méjì péré ni mo mọ̀: ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà Nàìjíríà. Ibi tí mò ń lọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Erékùṣù kan ni, ní òkun Kàríbíánì, ó kéré débi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ wá a lórí máàpù fóònù mi, mo rò pé ìdọ̀tí ló wà lójú gíláàsì, mo fi àtàǹpàkò nù ún.

Mi ò ní dárúkọ erékùṣù náà fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan mínísítà wọn kan, ọkùnrin náà sì ṣe mí lóore tó pọ̀ ju kí n máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri pẹ̀lú orúkọ lọ.

Marva ló mú mi lọ. Nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni, wọ́ọ̀dù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ erékùṣù yẹn sì ni. Lọ́dọọdún, tí àsìkò kan bá ti tó, ó máa ń gba ìsinmi lọ sílé, kì í ṣe fún Kérésì, kì í ṣe fún ìsìnkú. Ohun tó máa ń sọ ni pé ìjọba ń bọ̀ wá dáhùn ìbéèrè ní abúlé àwọn, òun ò sì lè pa á jẹ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irọ́ wo ló tó èyí. Lọ́dún yìí ó ní kí n kúkú bá òun lọ, kí n lọ fi ojú ara mi rí i. Mo gbà kíá. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé irú ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò jẹ́, ni mo bá di léèsì búlúù mi àti gèlè rẹ̀ sínú àpótí.

Kí n má parọ́ fún yín, mo tún fẹ́ sá kúrò ní Atlanta díẹ̀. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbẹ̀. Ọdún tó kọjá, a ra fíríìjì ńlá kan fún ilé ìwòsàn ìlú wa, irú èyí tí wọ́n máa ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni wọ́n ní kí n yàn án. Mo lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Conyers, mo rí ọ̀kan tó ń dán gbinrin, mo ní òun náà nìyí. Mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, bí ìdajì agbára iná tiwa nílé. Ọjọ́ tí wọ́n so ó mọ́ iná ní ilé ìwòsàn, kò lo ìṣẹ́jú kan tó fi rú èéfín, ó sì dákẹ́ pátápátá. Mátírọ́ọ̀nù ló pè mí, ó ń sunkún lórí fóònù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ bi mí, mo ní fíríìjì wà ní pọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n bú kọ́sítọ́ọ̀mù dáadáa, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹrù rẹ̀ kò há sí pọ́ọ̀tù rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mi orí. Tẹniọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, Atlanta níbí ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì kọ́ ní yunifásítì. Ní ìpàdé tó ṣáájú ìrìn àjò mi, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Good afternoon, Aunty. Ẹ jọ̀ọ́ ma, níbo gan-an ni fridge yẹn wà? Like, which port?" Bàbá rẹ̀ fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi láàárín ìpàdé, ó ní kí n má bínú, pé Amẹ́ríkà ló ba àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́. Àwọn àgbà tó kù bá a bẹ̀ mí. Mo ní kò burú, mo ti dárí ji ọmọ náà. Èmi tí mo parọ́ ni mo jókòó sórí àga tí mò ń dárí ji ẹni tó bèèrè. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú Tẹniọlá tààrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo gbé sínú wọ ọkọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ sórí títì I-20, tí iná àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ilé ìkẹ́rùsí bọ̀ tò lọ súà níwájú wa, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo ń kọrin. Bàbá Dàmọ́lá ní kí n rọra, kí n má ba oorun òun jẹ́ lórí wíìlì.

Ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, a tò fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí wọ́n tó yẹ ara wa wò. Kọ́fí kan àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin sí láàárín, dọ́là mẹ́rìnlá ni mo san. Marva mú oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé, ó sì fi ojú rẹ́rìn-ín sí mi. A wọ ọkọ̀ òfurufú dé Miami, a dúró fún wákàtí mẹ́ta, a tún wọ òmíràn tí mo ka ìjókòó inú rẹ̀ tí kò pé ogójì. Ìyẹn ló gbé wa lọ sórí òkun. Omi náà kì í ṣe àwọ̀ omi tí mo mọ̀. Ó mọ́ débi pé mo rí òjìji ọkọ̀ wa nísàlẹ̀ tó ń bá wa lọ. Nígbà tí a fẹ́ balẹ̀, mi ò rí ilẹ̀ kankan, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, mo di ọwọ́ Marva mú títí táyà fi kanlẹ̀. Ó ní bí gbogbo àlejò ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò tú àpótí mi, ó bá ọ̀rá gàárì méjì tí mo dì fún ìyá Marva. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nígbà tó fi ìka méjì bù ú wò, tó ní, "Fàrín." Fàrín ni wọ́n ń pe gàárì lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe é bíi tiwa, wọ́n sì ń yan án nínú agbada. Ó ní tàwọn dára ju tèmi lọ, ó sì pa àpótí dé padà fún mi. Mo fẹ́ bá a jiyàn, Marva ló fà mí lọ.

Shanelle, ọmọ ẹ̀gbọ́n Marva, ló wá gbé wa nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, bí a ṣe ń ṣe ní Nàìjíríà nígbà àtijọ́ ká tó yí i padà, ojú ọ̀nà wọn sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí òkè po. Ní gbogbo kọ́nà ni Shanelle ti ń tẹ fèrè, bí ẹni tó wà lódìkejì bá sì tẹ tirẹ̀, ó máa dúró dè é. Ọ̀nà náà dán, mi ò rí kòtò kan. Mo sọ èyí fún un, mo ń yin ìjọba wọn. Ó ní àwọn ló bèèrè ọ̀nà náà fún ọdún mẹ́rin.

A yà ní ilé ìtajà kan ká ra omi. Tòmátì mẹ́rin, dọ́là mọ́kànlá owó wọn, tó sún mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà mẹ́rin. Mo ní kí ló dé tí tòmátì fi gbówó lórí ní ibi tí ilẹ̀ ti dára báyìí. Shanelle fi ọwọ́ kan ìlẹ̀mọ́ ara páálí rẹ̀: Florida ló ti wá. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé. Ó ní nígbà kan ìrèké làwọn ń gbìn, wọ́n fi ìrèké sílẹ̀ nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun kò rà á mọ́, wọ́n wá dojú kọ àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá wo òkun. Láti ìgbà náà ni ohun gbogbo ti ń ti òkèèrè wọlé, àtìrẹsì àti ìṣó. Ó ní orílẹ̀-èdè tó kéré bíi tàwọn kò ní ibi tí yóò fi àṣìṣe pamọ́ sí. Bí mínísítà bá ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ Monday, yóò ti hàn nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní ọjọ́ Friday.

Àṣìṣe tó ń bí i nínú kò jìnnà. Abúlé wọn kò sí lórí erékùṣù ńlá yìí, erékùṣù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, omi ló sì wà láàárín. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ìjọba ló ń gbé wọn sọdá, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, dọ́là mẹ́wàá owó wọn. Lọ́dún yìí ìjọba ta ọkọ̀ náà kí tuntun tó dé. Tuntun náà kò sì dé. Ata lílọ̀ inú ìgò ni Shanelle ń ṣe tà fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì erékùṣù ńlá. Láti oṣù márùn-ún ni kò ti lè gbé páálí ogójì sọdá bó ṣe máa ń gbé e. Obìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti padà sílé.

Ọkọ̀ apẹja la wọ̀ sọdá, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò mọ̀ pé mo nígboyà tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń fò, omi ń ta sí wa lára, gbogbo aṣọ mi rin gbingbin. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn láti inú ìbẹ̀rù, kó tó di pé a dé àárín omi, ìbẹ̀rù ti lọ, orin nìkan ló kù. Apẹja náà ń gbè é fún mi láìgbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo ní ká tún padà lọ kí a tún padà bọ̀. Marva ní kò sí owó fún ìyẹn.

Ìyá Marva ti fi nǹkan kan sínú iná dè wá, ó rí roboto, èèpo ara rẹ̀ ti dúdú. Ó là á sí méjì, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Gbẹ̀rẹ̀fútù ni. Gbẹ̀rẹ̀fútù tí a ń jẹ ní Ifẹ̀ àti agbègbè wa, tí mi ò fi kan ẹnu láti ọdún tí mo ti kúrò nílé. Wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú mi, ìyá náà sì rò pé ata ló ta mí.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, a lọ sí ìpàdé. Mo wọ léèsì mi, mo wé gèlè mi. Marva wò mí láti òkè délẹ̀. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, mo rí i pé pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́ ni gbogbo ènìyàn wá. Wọ́n rò pé aṣojú orílẹ̀-èdè kan ni mí, wọ́n mú mi lọ jókòó ní ìlà iwájú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ìjọba tó gbé ìwé ìnáwó ọdún kalẹ̀, àwọn mínísítà máa ń pín ara wọn lọ sí abúlé. Ẹni tó bá wá kì í jókòó. Ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọdé ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè yóò jáde, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó, yóò sì mú dọ́sítà dání padà sí ìjókòó rẹ̀. Mínísítà yóò dáhùn. Títí ẹni tó bèèrè yóò fi ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìbéèrè náà, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Mo ń wò yí ká, mò ń wá ibi tí wọ́n to ìgò omi àti òdòdó sí fún àlejò pàtàkì, mi ò rí.

Ọkọ̀ apẹja ni mínísítà náà bá wá, nítorí kò sí òmíràn. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun báláú, ṣòkòtò rẹ̀ sì tutù dé orúnkún. Ọlọ́pàá kan péré ló tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ṣí fìlà, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́ bèèrè nípa gáàsì ìdáná. Ẹnì kejì bèèrè nípa táńkì omi ilé ìwé. Ó dáhùn kedere, wọ́n nù ún. Mo ti ń gbádùn ara mi, bíi kí n máa pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Shanelle dìde. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá: Ta ló ní kí wọ́n ta ọkọ̀ àtijọ́ kí tuntun tó dé? Ó mú dọ́sítà, ó lọ jókòó.

Bàbá náà ní ìjọba ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. Shanelle ní òun ò bèèrè ìjọba, ta ni. Bàbá náà ní ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Shanelle ní ìgbìmọ̀ kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Bàbá náà ń ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn sí i létí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń dúró dè é.

Ẹ̀yin tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ sọ fún mi, ta ló lè jókòó wo irú rẹ̀? Ọkùnrin tó tó bí mi, tí ọmọ kékeré ń bi ní "ta ni, ta ni" lójú gbogbo ayé. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kan rí i pé orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀, pẹ̀lú léèsì mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n forí jì í, àgbàlagbà ni, ó ti gbìyànjú, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Mo gba dọ́sítà lọ́wọ́ Shanelle, ìyàlẹ́nu ni kò jẹ́ kó dì í mú, mo rìn dé ìdí pátákó, mo nu ìbéèrè náà kúrò pátápátá. Mo yíjú padà, mo ń retí kí wọ́n sọ pé mo ṣeun.

Marva ti fi ọwọ́ bo ojú. Bàbá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò sì bínú. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ padà."

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pé ta ló ní kí wọ́n ta á. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò rí ọkọ̀ ojú omi kankan lọ́kàn mi. Fíríìjì ni mò ń rí, àti ẹ̀yìn rẹ̀ tí mi ò wò.

Nígbà tí mo jókòó, bàbá náà ní, "Èmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ rà á ń kánjú, àtúnṣe ọkọ̀ náà sì ti ń jẹ wá lówó. Wọ́n ní tuntun yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò sì bèèrè pé bí kò bá dé ńkọ́. Ó yẹ kí n bèèrè."

Mo rò pé àjà yóò já lé wa lórí. Kò já. Àwọn ènìyàn kàn mí jáde, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un. Shanelle bi í pé kí ni yóò wá ṣe. Ó ní kí oṣù yẹn tó parí, àwọn yóò háyà ọkọ̀ kan láti erékùṣù tó múlé gbè wọ́n, títí dìgbà náà ìjọba yóò san ìyàtọ̀ owó ọkọ̀ fún àwọn apẹja, ọkọ̀ tí àwọn bá háyà yóò sì ní àyè fún ẹrù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò padà wá dúró síbi tí òun dúró sí yìí láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ pe òun. Shanelle ronú díẹ̀. Ó dìde, ó wá gba dọ́sítà lọ́wọ́ mi, nítorí ọwọ́ mi ló ṣì wà, ó nu ìbéèrè náà.

Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n dín ẹja, gbogbo wa jọ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi àgbálá ilé ìwé, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín nínú òróró tí wọ́n ń pè ní bákì. Bàbá náà jókòó tì mí. Ojú ń tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í wo àgbà níran kó máa jìyà lójú àwùjọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìwà tó dára ni, ó ní òun mọ̀ pé inú rere ló ti wá. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun kan.

Ó ní, "Nílé yín, ta ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó bèèrè?"

Mo kàn ń já búrẹ́dì ọwọ́ mi wẹ́wẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹja sí àwo mi. Ó ní ìdìbò ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dìbò fún òun mọ́ nítorí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun yóò sùn dáadáa lónìí. Mo jowú rẹ̀. Ó ti tó oṣù méje tí mi ò tíì sùn dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, mo gbádùn wọn bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ilé ìwé. Mo wẹ̀ nínú òkun. Mo kọ́ ìyá Marva ní ẹ̀bà, ó sì gbà níkẹyìn pé gàárì tèmi náà dára. Ṣùgbọ́n inú dídùn mi ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí mo ti mọ ohun tí mò ń lọ ṣe nílé, mo sì ń kánjú, ìbẹ̀rù àti ìdùnnú pọ̀ mọ́ra wọn bíi ti àárín omi yẹn.

Nígbà tí mo dé Atlanta, Bàbá Dàmọ́lá wá gbé mi. Lórí I-20 ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Kọ́sítọ́ọ̀mù tí mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi sílẹ̀, ẹgbẹ́ ti gbàgbé, Tẹniọlá gan-an kò ní bèèrè mọ́ lẹ́yìn bí bàbá rẹ̀ ṣe dójú tì í ní ìpàdé. Mo ní ìdí tí màá fi sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, a ṣe ìpàdé nínú yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Conyers. Pátákó funfun kan wà lára ògiri níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, mo ti mú báírò ńlá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé: Níbo ni fíríìjì wà? Mo mú dọ́sítà, mo rìn lọ sẹ́yìn níbi tí Tẹniọlá jókòó sí, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní tí èsì mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá nù ún. Mo padà lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pátákó. Mi ò jókòó.

Bàbá Tẹniọlá ti dìde. Ó ti ń ká apá agbádá rẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Madam President, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán o. A ti bẹ̀ yín."

Mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Èmi lọ̀rọ̀ kàn. Kò sí ní pọ́ọ̀tù. Ó ti jó láti oṣù méje. Èmi ni mo yàn án, mi ò wo irú iná tó ń lò, mo sì parọ́ fún yín. Tẹniọlá, o ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́."

Ìyá àgbà kan ní iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ti gbìyànjú, pé kí a jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìkúnlẹ̀ ní erékùṣù lọ́hùn-ún gan-an ló ń sọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yíjú sí i. Tẹniọlá ni mò ń wò, tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà yẹn.

Ó dìde. Ó ní, "Thank you, ma." Ó tún ní, "So àwọn babies yẹn, níbo ni wọ́n ti ń gba vaccine now?"

Mo ní Mátírọ́ọ̀nù ló ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń fi kúlà oníyìnyín gbé e bọ̀. Mo ní èmi fúnra mi yóò wá òmíràn, èyí tó bá iná ilé mu. Tẹniọlá ní kí n má rà á o, kí n kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́. Mo ń dúró kó wá nu pátákó.

Ó wo dọ́sítà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìbéèrè, ó wò mí. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gbé dọ́sítà náà sínú rẹ̀.

Ó ní, "Aunty, ẹ má bínú ma. Tí fridge tuntun yẹn bá ti tutù, màá wá nù ún."